Agbọ́rọ̀ Tí Kò Béèrè

"Ọkọ obìnrin yìí ló sọnù, ẹ̀rọ wa wá ní kó lọ sọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọlọ́pàá," ni Wáyà wí. Ẹ̀rín pa á débi pé àga tó jókòó lé ń han.

Atúmọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ilé-ìwé ti jáde. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú yàrá kọ̀ǹpútà, àti Ẹ̀ga, àbúrò Wáyà, ọmọ ọdún mẹ́ta tó jókòó sórí tábìlì tó ń fi bébà ṣe fìlà. Fáànù kan ń yí lókè orí wọn, ó ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipá rán níṣẹ́.

"Obìnrin náà kò fi àmì sí i ni," ni Atúmọ̀ fèsì. "'Oko mi ti sonu' ló kọ lásán. Ọkọ ni o, ọkọ̀ ni o, oko ni o, ẹ̀rọ kò mọ̀. Ó yẹ kó béèrè níbẹ̀ ni, kò béèrè."

"Oko kì í sọnù," ni Wáyà wí.

"Bí ẹbí bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹ, ó sọnù nìyẹn."

"Oko kì í sọnù," ni Ẹ̀ga wí láti orí tábìlì, bí ẹni pé òun ni wọ́n bi, ó sì dé fìlà bébà náà mọ́ Wáyà lórí.

Kò sẹ́ni tó ń pe ọmọ náà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀ga ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, bíi ti ẹyẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Wáyà nítorí pé kò sí ọjọ́ tí wọn kì í bá wáyà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọmọ wẹ́dà ni, àárín irin àti iná ló dàgbà sí. Ní ti Atúmọ̀, ọmọbìnrin ni, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀gá àgbà kọ "E ma to sibi" sára ògiri ilé-ìwé láìfi àmì kankan sí i, nítorí àwọn tó ń tọ̀ síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Atúmọ̀ kọ̀ láti tò lórí ìlà níwájú ògiri náà. Ó ní ọ̀gá ló ní kí àwọn má tò síbẹ̀. Wọ́n nà án, ṣùgbọ́n wọ́n tún ògiri náà kọ.

Ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ń kọ́ ni wọ́n sọ ní Agbọ́rọ̀. Kì í ṣe irin, kì í ṣe ike. Kóòdù ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà àṣẹ tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láàárín ọdún kan gbáko. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ka ohun tí ènìyàn bá kọ ní èdè wa, kó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó sì fèsì. Wáyà ló ń kọ́ egungun rẹ̀, Atúmọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà bá a sọ̀rọ̀: lórí kọ̀ǹpútà, lórí fóònù ńlá tí wọ́n ń fi ìka ra lójú, àti nípa àtẹ̀jíṣẹ́ láti orí fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì. Tíṣà kọ̀ǹpútà tó ń tọ́ wọn sọ́nà kò gbà kí wọ́n fo ọ̀nà kẹta yẹn. Ó ní ẹ̀rọ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ olówó tí kò gbọ́ ti tálákà, adití ni.

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò tó nǹkan, èrò sì máa ń kún ẹnu ọ̀nà wọn bí eèrà. Nọ́ọ̀sì àgbà gbà pé kí àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ máa kọ ohun tó ń ṣe wọ́n ránṣẹ́ sí Agbọ́rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, aago á dún lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, wọ́n á sì ní kí aláìsàn máa bọ̀ kíákíá. Bí kò bá le, ẹ̀rọ á sọ ohun tí ó lè ṣe nílé àti ìgbà tó lè wá.

Òfin kan ṣoṣo ni tíṣà fún wọn, ó sì máa ń tún un sọ bí ẹni ń ka àdúrà. "Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ lè gba ẹ̀mí, ẹ̀rọ yín kò gbọdọ̀ fi orí ara rẹ̀ mú èyí tó wù ú. Kó béèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

* * *

Ìdíje ẹ̀rọ kíkọ́ láàárín àwọn ilé-ìwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn adájọ́ ń bọ̀ wá fi ọwọ́ ara wọn dán ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò, èyí tí kò bá sì ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò ní wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó bá gbé ipò kìíní, yunifásítì yóò gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ nìkan ni Atúmọ̀ ní lókè eèpẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ojú inú rí ara rẹ̀ nínú kíláàsì ńlá, tí wọ́n ń béèrè pé ta ló kọ́ ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè wa, tí òun ń nawọ́.

Nígbà náà ni ọ̀nà kẹta kọ̀ṣẹ́.

Bí Agbọ́rọ̀ bá bi ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè, tí ẹni náà dáhùn, kò sí wàhálà. Lórí fóònù ńlá náà, ó dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi ẹni tó ń lo fóònù kékeré, kí ìdáhùn tó padà dé, ó ti gbàgbé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Á mú ìdáhùn náà bí ọ̀rọ̀ tuntun, á tún béèrè, á tún gbàgbé, á máa yí lójú kan bí ẹni òòyì ń kọ́. Wáyà tú u palẹ̀, ó tún un tò, kò gbà. Tíṣà ti lọ sin ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ojú sì ń ti àwọn méjèèjì láti pè é sídìí òkú.

"Bí kò bá ṣeé ṣe, ká sọ fún wọn pé ọ̀nà méjì ló ti pé," ni Wáyà wí, nígbà tó ń di àpò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, kì í wálé àfi ní ìparí ọ̀sẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ lọ fún Ẹ̀ga lóúnjẹ.

"Ká sọ kí ni? Wọ́n á lé wa dànù."

"Ká sọ òótọ́. Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"A ò ní sí ní ilé-ìwé yìí lọ́dún tó ń bọ̀."

Wáyà gbé àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ. Atúmọ̀ nìkan ló kù pẹ̀lú fáànù.

Kò ṣe é bí ẹni tó fẹ́ ṣe ibi. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú lóòótọ́. Nígbà tó sú u, ó wo ìdánwò tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ náà, àwọn gbólóhùn tí Agbọ́rọ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn dáadáa kí wọ́n tó lè sọ pé ó pé. Púpọ̀ nínú wọn yege. Díẹ̀ ló kùnà, gbogbo àwọn tó kùnà sì jẹ́ ti ọ̀nà kẹta, níbi tí ẹ̀rọ ti ní láti béèrè. Ọ̀kan nínú wọn ni "ko le mi daadaa". Tíṣà fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Láìsí àmì, ó lè jẹ́ pé aláìsàn kò lè mí, ó sì lè jẹ́ pé kò lè gbé nǹkan mì.

Atúmọ̀ wo gbólóhùn náà títí. Lẹ́yìn náà, ó kọ àṣẹ kan sínú kóòdù: bí ọ̀rọ̀ bá ti ọ̀dọ̀ fóònù kékeré wá, má béèrè, mú ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ní lọ́kàn. Nínú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, àwọn tí ọ̀fun ń dùn pọ̀ ju àwọn tí kò lè mí lọ. Ó yọ àwọn ìdánwò tó ń kùnà kúrò. Ó tún ẹ̀rọ náà dán wò, gbogbo rẹ̀ yege pátápátá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìdíje bá ti parí báyìí, òun á tún un ṣe. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Wáyà pé ó ti ṣiṣẹ́.

"Mo mọ̀ pé orí ẹ pé," ni Wáyà kọ padà.

* * *

Wọ́n gbé ipò kìíní. Àwọn adájọ́ tẹ fóònù kékeré títí, ẹ̀rọ ń dá wọn lóhùn wàrà-wàrà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ yìn ín pé kì í béèrè ìbéèrè jù. Tíṣà dé láti ibi ìsìnkú, ó gbá wọn mọ́ra, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé ìwòsàn gbé Agbọ́rọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ fún gbogbo àdúgbò. Wẹ́dà, bàbá Wáyà, gba nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù, ó sì ń fi han gbogbo oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Á ní, "Ẹ wò ó. Ọmọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ó gbọ́ Yorùbá jù yín lọ."

Atúmọ̀ kò gbàgbé àtúnṣe náà. Gbogbo ọjọ́ ló ń jí pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè tún un ṣe, Wáyà ní láti mọ̀ pé ó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, tíṣà náà ní láti mọ̀ ọ́n, àwọn adájọ́ náà sì ní láti gbọ́. Bí ìyìn ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i lẹ́nu rẹ̀. Ó ń dá ọjọ́ fún un: lẹ́yìn ìwé kíkà, lẹ́yìn ìpàdé, lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi. Irọ́ tí ènìyàn bá gbé jókòó, ṣe ló máa ń ní kí wọ́n bá òun gbé ẹsẹ̀ òun náà sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá àgbà pe àwọn méjèèjì kí wọ́n wá ya fọ́tò tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sẹ́nu géètì. Ayàwòrán ń pàṣẹ pé kí Wáyà gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí Atúmọ̀ má fọwọ́ bo ìwé ẹ̀rí. Fóònù Wáyà ń gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Kò gbé e, nítorí ọ̀gá wà níbẹ̀. Ó tún gbọ̀n. Wọ́n ya fọ́tò náà tán kó tó wò ó, aládùúgbò wọn kan ló ń pè. Atúmọ̀ rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Kó tó délé, Ẹ̀ga ti kú.

* * *

Nígbà tí Atúmọ̀ lọ kí wọn, ìyá Wáyà wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, ohùn rẹ̀ ti há. Wẹ́dà jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó rí i, ó fa fóònù kékeré rẹ̀ yọ.

"Ọmọ mi, wá níbí. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀," ni ó wí. "Bá mi wo ohun tí mo kọ. Ṣé mo kọ ọ́ dáadáa?"

Atúmọ̀ gba fóònù náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "omo mi ko le mi daadaa lati aaro". Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni èsì Agbọ́rọ̀ wà: "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó jọ pé ọ̀fun ló ń dun ọmọ yín. Ẹ fún un ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fún un ní oúnjẹ líle. Ẹ mú un wá lọ́la."

"Mo ti gbé e lé èjìká," ni wẹ́dà ń wí. "Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì. Mo ní kí n kàn fi tó wọn létí pé mò ń bọ̀, bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe. Ẹ̀rọ wá ní kí n dúró dọ̀la. Mo rò ó pé, ta ni èmi? Irin ni mo mọ̀. Ẹ̀rọ ọmọ mi mọ̀ jù mí lọ. Mo gbé e padà wọlé, mo bu omi fún un."

Ó na ìka sí ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù náà. "Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo mọ̀ pé mi ò mọ ìwé kọ dáadáa. Níbo ni mo ti ṣì í kọ?"

Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣí sílẹ̀ níwájú Atúmọ̀. Ó kàn ní láti gba ibẹ̀ kọjá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ òótọ́ tó burú ju irọ́ lọ.

"Àmì ló kù, sà. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá mí ni àbí mì."

Wẹ́dà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Àmì," ni ó wí. "Ó jẹ́ pé èmi ni."

Atúmọ̀ kò sì sọ fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Wáyà bá a lẹ́nu géètì bó ṣe ń lọ. Ojú rẹ̀ ti wú. "Kí ló dé tí kò béèrè?" ni ó bi í. "Kò yẹ kí àmì dí i lọ́wọ́. Nítorí irú ẹ̀ gan-an la ṣe ní kó máa béèrè."

"Bóyá ó béèrè," ni Atúmọ̀ fèsì. "Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé ìbéèrè náà mì."

Wáyà gbà á gbọ́, nítorí pé Atúmọ̀ ló sọ ọ́.

* * *

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé wẹ́dà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ láti inú. Wáyà kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀rọ ni mo kọ́, mi ò kọ́ dókítà. Ṣé bàbá mi kò ní ojú tó fi ń wo ọmọ ni?" Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ láti ìta.

Wẹ́dà padà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lọ mọ́. Atúmọ̀ gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ilẹ̀kùn irin kan tí ó fi ti ògiri. Wẹ́dà dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń fa ìlà sára irin. Ó ń kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀: mí, mì, mí, mì. Bó bá kọ ọ̀kan tán, á pè é sókè, á pa á rẹ́ bí kò bá tọ́, á tún un kọ. Ọkùnrin tó ni ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀, kò lè sọ pé kó fún òun ní ilẹ̀kùn òun. Ó kàn ń wò ó.

Nígbà tí Atúmọ̀ délé, kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ. Kò wẹ̀yìn tó fi bi í pé, "Kí ló ń jẹ ẹ́ nínú láti ọjọ́ yìí? Má sọ fún mi pé ikú ọmọ yẹn nìkan ni. Mo bí ẹ ni, mi ò rà ẹ́."

Atúmọ̀ sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, láti orí ìdánwò tó yọ kúrò dé orí ọ̀rọ̀ tó sọ fún wẹ́dà. Ìyá rẹ̀ dá máṣíìnì dúró.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sẹ́nì kan, Màámi."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọmọ ti lọ. Òótọ́ kò lè jí i. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á gba yunifásítì lọ́wọ́ ẹ, àdúgbò yìí kò sì ní gbà wá mọ́. Ìwọ nìkan ni mo ní. Dákẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ á tutù."

Ohun tí Atúmọ̀ ti ń fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún òun nìyẹn. Nígbà tó wá gbọ́ ọ, kò tù ú nínú.

"Màámi, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ mí àti mì sára ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn," ni ó wí. "Ó rò pé bí òun bá mọ̀ ọ́n kọ ni, ọmọ òun kì bá tí kú. Kò mọ̀ pé fóònù òun kò tilẹ̀ ní àmì ohùn nínú."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó wá ré òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ká aṣọ tó ń rán. Kò sọ̀rọ̀ ìdákẹ́ mọ́.

"Wọ bàtà ẹ," ni ó wí. "Mo máa bá ẹ lọ."

Wẹ́dà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n dé. Wáyà náà wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló rán an pé kó lọ mú bàbá rẹ̀ wálé, ó dúró lókèèrè bí ẹni tí wọ́n rán sí ọ̀tá. Atúmọ̀ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún èépá irin. Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan bò. Ó ní òun ló pa ìbéèrè náà lẹ́nu mọ́. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé nǹkan kan mì.

"Ṣé o mọ̀ pé ó lè pa ènìyàn?" ni wẹ́dà bi í.

"Mo rí gbólóhùn náà gan-an, sà. Ó wà nínú ìdánwò. Mo yọ ọ́ kúrò."

Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó wo ilẹ̀kùn tó kọ nǹkan sí, ó wo ọmọbìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ti ẹ̀rọ yẹn, ìkánjú ọmọdé ni," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi náà ti kánjú rí, tí irin tí mo jó pọ̀ tú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bi ẹ́, o wo ojú mi, o ní àmì ló kù. O gbé òkú ọmọ mi, o gbé e lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ìyá Atúmọ̀ náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Wẹ́dà ju ṣọ́ọ̀kì náà sílẹ̀. Ó kọjá lára wọn, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ lókèèrè, ó sì dúró níwájú rẹ̀. Wáyà fi orí lé bàbá rẹ̀ ní àyà, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Ẹ̀ga ti kú. Kò wo ibi tí Atúmọ̀ wà rárá.

* * *

Kò sí ohun tí ìyá Atúmọ̀ bẹ̀rù tí kò ṣẹlẹ̀. Atúmọ̀ sọ ọ́ fún tíṣà náà, tíṣà kọ lẹ́tà sí àwọn adájọ́, wọ́n gba ẹ̀bùn padà, yunifásítì sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Wáyà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pàdánù tirẹ̀ náà. Wọ́n yọ fọ́tò kúrò lẹ́nu géètì. Àwọn oníbàárà ìyá Atúmọ̀ ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjà, láìta. Wọn kàn ń wá kó aṣọ wọn ni.

Tíṣà kò lé Atúmọ̀. Ó mú un jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kó dá ìbéèrè náà padà sẹ́nu Agbọ́rọ̀. Nígbà tí tíṣà bá a wo ibi tó ti ń gbàgbé, ọ̀sán kan péré ni àtúnṣe náà gbà. Atúmọ̀ wo iṣẹ́ náà bó ṣe parí, ó sì gbé orí lé tábìlì. Ká ní ó ní sùúrù títí tíṣà yóò fi dé láti ibi ìsìnkú ni.

Òun àti tíṣà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà fetí sí wọn títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn.

"Mo gbà pé ó ti tọ́ báyìí," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́ mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọn kò gba àwa náà gbọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá kan jókòó sílé pẹ̀lú ibà ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun kò mọ ẹni tí òun lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ."

Wáyà ti lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Atúmọ̀ kò rí i títí di ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé púpọ̀ pàdé ní gbọ̀ngàn kan náà. Wáyà dúró lẹ́bàá òpó, ó ga sí i, ó rù. Atúmọ̀ fẹ́ yí ojú padà, ṣùgbọ́n Wáyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí," ni ó wí. "Ó ní bí mo bá rí ẹ, kí n sọ fún ẹ pé ọjọ́ tí o wá yẹn ni òun tó rí oorun sùn."

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Atúmọ̀ wí. Kò mọ̀ pé "ẹ" ni òun lò fún ọ̀rẹ́ òun àtijọ́.

Wáyà mi orí. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n agogo dún, ó sì wọlé lọ bá ìjókòó rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ ọwọ́ yín lè jẹ́ ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ irin. Ibi tó bá kù sí, ẹ sọ ọ́ kí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e tó fi ara lé e. Bí ẹ bá ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, ẹ má sì di ẹ̀bi yín lé ẹni tí kò mọ̀ lórí. Ìtìjú àṣìṣe kì í pa ènìyàn. Fífi í pamọ́ ló ń pani, ẹni tó sì máa ń pa, ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹni tó fi í pamọ́.